Wọ́n ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù: kí ni wọ́n yẹ̀ wò gan-an lára ewé àti àgbo?

Ní Bódè, níbi tí àwọn eléwé ọmọ àti lékulẹ́jà Ìbàdàn ń pàtẹ sí, ojú àti imú ẹni tó ń ta ewé ni ẹ̀rí ewé. Ìyá á fa ewé yọ, á rún un lọ́wọ́, á gbé e sí imú, á ní "òun nìyí", ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ ọjà náà báyìí. Lára ìgò àgbo tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀, lára ike àgúnmu tó wà lórí pẹpẹ kẹ́mísìtì, nínú ìpolówó orí WhatsApp, wọ́n á kọ ọ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, ó sì yege. Ẹni tó bá ka ìyẹn, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Kò yẹ kó tètè balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ "àyẹ̀wò ewé". Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ló wà, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dáhùn. Èyí tó sọ pé ewé gbẹ dáadáa kò mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀. Èyí tó sọ pé kò sí òjé níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá ewé tí a pè é náà ni. Bí gbogbo wọn bá sì pé, wọn kò tíì sọ pé àgbo náà ń wo ibà. Ẹni tó bá mọ èyí, kò sẹ́ni tó lè fi ìwé láàbù tàn án jẹ, kò sì ní fojú di iṣẹ́ láàbù pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Mo gbà. Àmọ́ ewé lè pé, kí oògùn má sì jẹ́: kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ èyí tí a rò, kí òmíràn ti bu kó tó dé ọjà, kí agbára ẹ̀kẹta sì ti bá omi lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e ka iná. Ohun tí àyẹ̀wò ń wá nìyẹn.

Ṣé òun ni?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù. Ẹ béèrè asúnwọ̀n lọ́wọ́ eléwé ọmọ méjì. Ọ̀kan lè fún yín ní Senna podocarpa, kí èkejì fún yín ní Senna alata tí à ń pè ní asúnwọ̀n òyìnbó. Ìdílé kan náà ni wọ́n, méjèèjì ni wọ́n sì fi ń tú inú tó dì, ṣùgbọ́n igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èròjà inú wọn kì í sì í dọ́gba. Ti ẹ̀yìn olóbe tún le ju ìyẹn lọ. Phyllanthus amarus la sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan tí ewé wọn kéré bákan náà, tí èso wọn sì ń so sábẹ́ ẹ̀ka bákan náà. Bí a bá sá wọn tán tí a lọ̀ wọ́n, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Irú àṣìṣe yìí ti ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìwòsàn kan ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ń fún àwọn obìnrin ní oògùn tí wọ́n fi ń dín ara kù. Ewé àti egbò láti Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Egbò tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni Stephania tetrandra. Èyí tó wọ inú rẹ̀ ni Aristolochia fangchi, nítorí orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe méjèèjì jọra. Aristolochia ní ásíìdì kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn obìnrin tó tó 100 ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún tàbí tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, jẹjẹrẹ sì tún mú lára wọn lẹ́yìn náà. Egbò yẹn lè má ní iyanrìn, kó gbẹ dáadáa, kó má bu. Kò sí èyí tó lè gba ẹnikẹ́ni là níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe òun.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé láàbù fún mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti dá ewé náà mọ̀. Ìbàdàn ní ànfààní tí ìlú púpọ̀ kò ní nínú èyí. Ní Jẹ́ríkò, ní àjọ ìwádìí igbó tí à ń pè ní FRIN, ni ilé ìpamọ́ ewé tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI wà, Forest Herbarium Ibadan. Ẹ̀ka igi gbígbẹ tó lé ní 100,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, wọ́n sì kọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti já wọn àti ọjọ́ tí wọ́n já wọn sí i lára. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dá ewé mọ̀ fún òun kò gbọdọ̀ kó ewé jíjá lásán lọ. Kó gé ẹ̀ka tó ní ewé, kí òdòdó tàbí èso wà lórí rẹ̀, nítorí òdòdó ló ń sọ ìdílé tí igi ti wá jù. Wọ́n á fi í wé èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀ka náà. Bí àríyànjiyàn bá dé lọ́dún mẹ́wàá sí i, ẹ̀ka yẹn ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè padà lọ wò.

Bí ewé bá ti di àgúnmu, iṣẹ́ di ti máíkírósíkóòpù. Ẹ̀ka ìmọ̀ egbòogi wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oògùn ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Bó ti wù kí a lọ ewé kúnná tó, àwọn nǹkan kan ń ṣẹ́ kù tó ń sọ ẹni tó jẹ́: irun kéékèèké ara rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti àwọn ihò tí ewé fi ń mí. Wọ́n á ka ihò wọ̀nyí, wọ́n á fi wé iye sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, ìdá tí wọ́n bá rí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàrin ewé ńlá àti ewé kékeré igi kan náà. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni, kò sì náni lówó tó àwọn àyẹ̀wò tí à ń gbọ́ ariwo wọn. Ó dùn mí pé òun ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ láti sáré lọ síbi ẹ̀rọ ńlá.

Ṣé ó mọ́?

Iyanrìn ló rọrùn jù láti mọ̀. Ewé tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì tàbí sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń kó eruku, àwọn mìíràn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ mọ́ àgúnmu kó lè wúwo. Ní láàbù, wọ́n á wọn ewé lílọ̀, wọ́n á sun ún nínú ààrò tó gbóná láàrin 450 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí á fi di eérú. Nínú eérú yẹn ni ohun tí igi fúnra rẹ̀ fà láti inú ilẹ̀ wà, bíi calcium àti potassium, kò sì sí ewé tí kì í ní in. Wọ́n á wá fi ásíìdì tí wọ́n ti là se eérú náà. Ohun tó jẹ́ ti igi á yọ́, iyanrìn kò ní yọ́, wọ́n á sì wọn èyí tó bá kù. Bí ẹ bá rí "eérú tí kò yọ́ nínú ásíìdì" nínú ìwé láàbù, tí iye rẹ̀ sì ga, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń tà fún yín.

Omi ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á gbẹ ewé nínú ẹ̀rọ ìgbóná ní 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, wọ́n á sì mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ewé gbígbẹ, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàrin ìdá 8 sí 14 nínú 100. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewé á bu nínú ọ̀rá kí oṣù tó parí, pàápàá lákòókò òjò. Nínú àwọn tó ń hù lára ohun tó bu ni Aspergillus flavus wà, òun ló ń mú májèlé tí à ń pè ní aflatoxin jáde. Aflatoxin ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ rẹ̀. Kì í kú sínú omi híhó. Ẹni tó bá nu funfun kúrò lára ewé tó sì sè é, ojú rẹ̀ nìkan ló tún ṣe.

Ti kòkòrò àìfojúrí yàtọ̀ síyẹn, nítorí iná ń pa wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fi òfin kan náà de ewé tí a máa sè àti ewé tí a máa gbé mì bẹ́ẹ̀. Bí ewé bá jẹ́ èyí tí a máa da omi híhó sí, wọ́n gba E. coli tó tó 100 láyè nínú giramu kan. Bó bá jẹ́ èyí tí a máa mu láìfi iná kàn án, 10 péré ni. E. coli inú ìgbẹ́ ló ti ń wá, ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti ajílẹ̀ tútù ló sì ń gbé e dé ara ewé. Nítorí náà, ìyá tó ń ta àgúnmu tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wọ́ọ́wọ́ ní iṣẹ́ ìmọ́tótó lọ́rùn ju ìyá tó ń se àgbo lọ. Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ wa ló mọ èyí, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Òjé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kò ní òórùn, kò korò, iná kò lè mú un kúrò, ìwúlò ewé kò sì sọ pé kó má sí níbẹ̀. Igi ń fà á láti inú ilẹ̀, eruku sì ń gbé e lé ewé lórí. Lágbègbè Ìbàdàn yìí náà, àwọn onímọ̀ ti rí òjé púpọ̀ nínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n da ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ sí. Ewúro tó bá hù nírú ibẹ̀ máa tutù yọ̀yọ̀ bíi tàwọn yòókù. Ìwọ̀n tí WHO fi lélẹ̀ fún ewé ni miligiramu 10 òjé nínú kílò kan, ti cadmium, irin olóró mìíràn, sì jẹ́ 0.3. Ẹ̀rọ nìkan ló lè wọn èyí, owó rẹ̀ kò sì kéré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé láàbù kì í fi í ní in nínú. Bí kò bá sí nínú ìwé, wọn kò wá a. Ẹ má kà á sí pé wọ́n wá a tí wọn kò rí i.

Ewé ọ̀tọ̀, oje ọ̀tọ̀

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Oje ewé ni mò ń pe ohun tí omi, ọtí tàbí kẹ́míkà mìíràn fà jáde lára ewé kí a tó da pàǹtí rẹ̀ nù. Àgbo tí ìyá sè jẹ́ oje ewé. Ewé tí wọ́n rẹ sínú ògógóró jẹ́ oje ewé. Ohun dúdú tí ilé iṣẹ́ gbẹ tí wọ́n kó sínú kápúsù náà jẹ́ oje ewé. Igi kan náà lè bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má sì jọra rárá.

Omi kì í fa ohun kan náà tí ọtí ń fà. Tannin, èròjà tó ń mú kí tíì kan lẹ́nu, máa ń bá omi jáde dáadáa. Òróró efínrín kì í fẹ́ràn omi, ọtí ló ń mú un. Iná pàápàá ń yan ohun tó máa ṣẹ́ kù: bí a bá se efínrín nínú ìkòkò tí a kò dé, òórùn rẹ̀ tó gba gbogbo ilé kan jẹ́ ara oògùn náà tó ń bá ooru lọ.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lórí èyí wá láti Ṣáínà. Tu Youyou, onímọ̀ oògùn kan níbẹ̀, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wá oògùn ibà lára ewéko tí à ń pè ní Artemisia annua. Wọ́n sè é, kò jẹ́ dáadáa. Ó wá rí i nínú ìwé oníṣègùn kan tó ti lé ní 1,600 ọdún pé wọ́n ní kí wọ́n rẹ ewéko náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ iná níbẹ̀. Ó yé e pé ooru ló ń ba oògùn jẹ́. Lọ́dún 1971, ó fi ether, kẹ́míkà tí kì í nílò iná púpọ̀, fa oje rẹ̀, oje náà sì mú ibà kúrò lára àwọn eku tí wọ́n fi dánra wò. Inú rẹ̀ ni artemisinin ti jáde, ìdílé oògùn tó wà nínú àwọn oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́mísìtì lónìí, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ewé kò yí padà. Bí wọ́n ṣe fa oje rẹ̀ ló yí padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ìwádìí yunifásítì ti fi hàn pé ewé yìí ń pa kòkòrò". Púpọ̀ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n fi fa oje náà, nítorí methanol ń fa ohun púpọ̀ jáde. Ìwádìí gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n methanol kò sí nínú ìkòkò àgbo yín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú oje yẹn lè má sí nínú omi tí ẹ sè.

Methanol fúnra rẹ̀ nílò àyẹ̀wò tirẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, ó sì ju mẹ́wàá lọ nínú wọn tó kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan rò pé àjàkálẹ̀ àrùn tuntun ni. Methanol inú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu ni. Ẹni tó bá ń fi ògógóró rẹ egbò àti ewé tà, bí ewé rẹ̀ mọ́ bí ojú, tí kò mọ ibi tí ògógóró ti wá, kò tíì yẹ ohun tó ń tà wò.

Agbára oje náà ṣeé wọ̀n. Ẹ ro ti ẹni tó kó ewúro tí wọ́n ti fọ̀ fún ọbẹ̀, tó sá a, tó lọ̀ ọ́, tó pè é ní egbòogi. Máíkírósíkóòpù á ní ewúro ni, eérú rẹ̀ á mọ́. Àyẹ̀wò tó máa tú u fó ni èyí: wọ́n á rẹ giramu 4 sínú mililita 100 omi fún wákàtí 24, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á bu mililita 25 nínú omi náà gbẹ, wọ́n á sì wọn ohun tó kù nídìí àwo. Ewé tí omi ti kó agbára rẹ̀ lọ kò ní fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Bí a bá tún rí i lára kápúsù pé 10:1, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kílò 10 ewé ló di kílò kan oje. Ohun rere inú rẹ̀ ti ki pọ̀, àmọ́ òjé tó bá yọ́ wọ inú omi náà ti ki pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, àbájáde àyẹ̀wò ewé kò ṣeé lẹ̀ mọ́ ìgò oje. Oje gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Tábìlì alámì-ìròpọ̀

Ẹ ó rí tábìlì kan lọ́pọ̀ ibi, tó ń to ìdílé èròjà inú ewé: alkaloid +, saponin ++, tannin +, flavonoid +. Wọ́n á kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rí ìwòsàn ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é rọrùn: wọ́n á gbọn oje nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá hó tí ìfófò náà sì dúró, saponin wà níbẹ̀, wọ́n á kán kẹ́míkà onírin sí i, bó bá dúdú bí aró, tannin ni. Wúlò ni, ó ń jẹ́ ká mọ ibi tí a ó gbà wá a síwájú. Ṣùgbọ́n tíì tí à ń mu láàárọ̀ ní tannin, ó sì ní alkaloid. Epo ọ̀bọ̀, tó ti pa ènìyàn, ní alkaloid. Àmì ìròpọ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì máa gbà nínú tábìlì yẹn, nítorí náà kò lè ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé.

Èyí tó lè ya wọ́n ni ọ̀nà tí Mikhail Tswett, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tó fi ya àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí yíǹkì bírò ṣe ń tàn ká lórí ìwé tó tutù tí àwọ̀ inú rẹ̀ sì ń pínyà, bẹ́ẹ̀ ni oje ewé ṣe ń gun pẹpẹ tí wọ́n kun, ohun inú rẹ̀ á dúró ní ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì fi í wé ti ewé tí a ti mọ̀ dájú. Ẹ̀rọ HPLC ń ṣe irú èyí náà, ó sì ń sọ iye. Òun náà ló ń tú àṣírí àwọn tó ń lọ oògùn ìrora òyìnbó sínú àgúnmu tí wọ́n sì ń pè é ní ewé pọ́ńbélé. Ìwé ìlànà egbòogi tí àjọ ìlera Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAHO, gbé jáde lọ́dún 2013 sọ ohun tó yẹ kí a bá lára oríṣiríṣi ewé wa.

Ibi tí agbára gbogbo èyí mọ

Ewé lè jẹ́ òun, kó mọ́, kó ní agbára rẹ̀ pé, kó má sì wo àìsàn tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìbéèrè nípa ìwòsàn, àwọn aláìsàn la fi ń dáhùn rẹ̀, lábẹ́ àbójútó, kì í ṣe máíkírósíkóòpù. Nọ́ńbà NAFDAC pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí ìgò egbòogi padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ: lára ọ̀pọ̀ wọn, ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé láàbù ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé: ta ló dá ewé náà mọ̀, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Ewé ni wọ́n yẹ̀ wò ni, àbí ohun tó wà nínú ìgò yìí gan-an? Ṣé wọ́n wá òjé? Ọjọ́ wo ni? Ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò mọ nǹkan kan nípa ewé tí wọ́n já lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń se àgbo tà, tí owó láàbù kò tíì sí, iṣẹ́ kan wà tí kò ní ná yín ní nǹkan púpọ̀. Ẹ sá ewé sórí pẹpẹ tàbí àwọ̀n tó ga nílẹ̀, lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà, jìnnà sí títì. Nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sè, ẹ bu ìgò kékeré kan pamọ́ sínú fíríìjì pẹ̀lú ìwọ̀nba ewé gbígbẹ tí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ sè é, ibi tí wọ́n ti já ewé, àti ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sí i lára. Bí ara ẹnikẹ́ni bá yí padà lẹ́yìn tó mu ún, ìgò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún dókítà.